Kí Ewé Má Mọ̀

Mi ò rántí ojú wọn mọ́, bàbá àgbàlagbà kan tí ẹ̀yìn ń dùn àti àbúrò rẹ̀ tó ń mú un padà lọ rí dókítà, nínú takisí tó gbé wa láti Ìlá lọ sí Òṣogbo.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà yọ ohun tó yọ láàárín eegun ẹ̀yìn yín tó ń tẹ iṣan ẹsẹ̀. Wọ́n lè la ẹ̀yìn níwọ̀n àtàńpàkò, kí wọ́n ki ọ̀pá oníhò bọ̀ ọ́. Èkejì, ihò bí ẹnu kálámù ni. Kámẹ́rà ni wọ́n fi ń wo inú rẹ̀."

"Bí bàbá wa ṣe ń yọ iṣu tuntun nìyẹn. Á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè díẹ̀, á rọra gé iṣu, àwa méjèèjì á wá fọwọ́ da erùpẹ̀ padà. Á ní kí ewé má mọ̀."

"Mo rántí. Ewé á ṣì máa tutù yọ̀yọ̀."

"Kámẹ́rà ni kí wọ́n fi ṣe tèmi."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n dókítà ní èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ ò gbọdọ̀ kọ ebè mọ́."

Bàbá náà wo oko iṣu tí à ń kọjá.

"Ewé á wá mọ̀ nìyẹn."