Ọwọ́ Tí Ó Ń Gbé Ife Olúwa

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ̀rù ló gbé mi dìde níwájú yín lónìí. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Dèbórà ni mo ń fọ aṣọ pẹpẹ ìjọ yìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà tán, mo sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní. Oorun gbé mi lọ. Mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun. Ó ní, "Dèbórà, dìde, tẹ̀lé mi."

A rìn títí a fi dé ilé gígùn kan tí kò ní fèrèsé. Ooru ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi. Àwọn èèyàn tí n kò lè kà dúró níbẹ̀, wọ́n ń ké pe, "Jésù! Jésù!" Bí wọ́n bá sì ti pè é, iná a yọ lẹ́nu wọn. Mo béèrè ìdí tí orúkọ tó ń gbani kò fi gbà wọ́n.

Amọ̀nà mi ní, "Orúkọ yìí ni wọ́n fi ń búra èké, òun náà ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Wọn ò pè é rí bí ẹni tó mọ̀ pé yóò dáhùn."

Níwájú díẹ̀ mo rí ẹni tí mo mọ̀. Ẹ̀yin ará, Bàbá Olùkà wa ni, àwọn tó ń gbé ife fún wa nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí gbogbo wa sunkún sin, tí a ní wọ́n ti lọ sinmi! Ife iná lẹ̀ mọ́ ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n ń jù ú, kò bọ́, wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀, kò bọ́, awọ ọwọ́ wọn ń bó, ó ń hù, ó tún ń bó, wọ́n sì ń ké bí ọmọdé.

Mo ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá? Kí lẹ ṣe?"

"Dèbórà ọmọ mi, ọwọ́ tí mo fi ń na ìyàwó mi láàárọ̀ Sọ́ńdè ni mo fi ń gbé ife fún yín. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo rò pé ìyẹn tó."

Amọ̀nà yí mi padà, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ tó tutù. Màmá Réṣẹ́lì jókòó níbẹ̀, arúgbó tó ń gbá sọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n tó kú, tí a kì í tilẹ̀ pè sí ìpàdé. Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, ojú wọn balẹ̀.

Amọ̀nà ní, "Ó ń gbá ilé Ọlọ́run bí ẹni tó mọ̀ pé Onílé wà nílé."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí n jókòó tì wọ́n. Ó na aṣọ pẹpẹ kan sí mi, epo pupa wà láàárín rẹ̀. Èmi ni mo fi aṣọ yẹn bo ìkòkò ọbẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ kan, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo tún tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ là lábẹ́ mi, ooru ilé yẹn tún lù mí lójú, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń di aṣọ funfun amọ̀nà mi mú, ọwọ́ mi ń yọ̀, ó ń yọ̀…

Ó ní, "Padà. Lọ sọ ọ́ nígbà tí ẹnu rẹ ṣì lè sọ ọ́."

Mo jí, òógùn bò mí. Tààrà ni mo lọ sílé opó Bàbá Olùkà. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. N kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí wọ́n fi gbé àwo sílẹ̀, tí wọ́n ká apá bùbá wọn sókè. Àpá wà níbẹ̀ láti ìgúnpá dé èjìká.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ? N kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí."

A jọ sunkún. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n wá sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀yin ará, mo ti jẹ́wọ́ tèmi. Lọ́jọ́ Ìsinmi a óò tún tẹ́ tábìlì Olúwa. Ẹni tó ń ni ará ilé rẹ̀ lára, ẹni tó ń fi orúkọ Rẹ̀ purọ́, kó tètè lọ tún un ṣe. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí Bàbá Olùkà gbé ife kẹ́yìn, àwọn náà rò pé òmíràn ń bọ̀.