Táàpù Tí Ìyìnolúwa Lọ Rà ní Èkó

[Dírìlì ń kùn. Ó dákẹ́.]

GBÁDÉ: Hẹ́lò, Ìyìnolúwa. O kú ìrìn o.

ÌYÌN: Bọ̀dá Gbádé, ẹ kú ọ̀sán sà. Ará Ọ̀fà ńkọ́?

GBÁDÉ: A wà. Ìdí fíríìjì ni mo wà. Mo ti lu ihò méjèèjì tá a máa ki táàpù bíà bọ̀.

ÌYÌN: Ilẹ̀kùn lẹ lù, àbí ẹ̀gbẹ́? Páìpù gáàsì ń bẹ ní ẹ̀gbẹ́ o—

GBÁDÉ: Ilẹ̀kùn ni, bí o ṣe wí. Mo ti de táàpù kan mọ́ ọn, mo so rọ́bà mọ́ kẹ́ẹ̀gì bíà. Bíà ń kán sínú fíríìjì. Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÌN: Mo gbọ́. Ẹ fi wáṣà sí i kẹ́ ẹ tó fún nọ́ọ̀tì?

GBÁDÉ: Ó bọ́ sọnù. Ra wáṣà méjì mọ́ táàpù kejì. Ṣé o ti dé ọjà?

ÌYÌN: Bọ̀dá—

[Obìnrin kan ń kéde nínú ẹ̀rọ.]

GBÁDÉ: Ariwo wo nìyẹn?

ÌYÌN: Network ni, sà.

GBÁDÉ: Network kì í pe èrò sínú bàálù. Níbo lo wà?

ÌYÌN: Èápọ́ọ̀tù. Kánádà ni mò ń lọ. Físà jáde.

GBÁDÉ: Nígbà wo?

ÌYÌN: Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

GBÁDÉ: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la jọ kun ṣọ́ọ̀bù ọtí wa. Èmi ni mo gbé báàgì ẹ dé gáréèjì.

ÌYÌN: Mo fẹ́ sọ. Tí mo bá ti wojú yín, ọ̀rọ̀ á kú sí mi lẹ́nu. I'm sorry, Bọ̀dá.

GBÁDÉ: Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ọtí. Èmi, ọmọ kíláàsì fáífù ni mo mọ̀ ọ́n kọ́.

ÌYÌN: Iṣẹ́ olùkọ́ yín ṣáà wà níbẹ̀. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù ná, mo máa—

GBÁDÉ: Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

ÌYÌN: Kí lẹ wí? Ohùn yín ń já.

GBÁDÉ: Mo ní mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Fúráìdé ni. Ṣé o gbọ́ mi?



ÌYÌN: Ẹ ò sọ fún mi.

GBÁDÉ: Mo ní kó di ọjọ́ tá a bá ṣílé ọtí. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé mi ò fẹsẹ̀ kan sílé, ìkan síta.

[Ìyìn ń sunkún.]

ÌYÌN: Ṣé kí n padà? Tẹ́ ẹ bá ní kí n padà—

GBÁDÉ: Rárá.

ÌYÌN: Bọ̀dá—

GBÁDÉ: Mo ní rárá. Ṣé o ti jẹun?

ÌYÌN: Mi ò tíì jẹun.

[Ìkéde mìíràn.]

ÌYÌN: Wọ́n ti ń pè wá. Ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n lọ láìjẹ́ pé ẹ gbàdúrà fún mi. Látọjọ́ tí Màámi ti lọ, ẹ̀yin nìkan ni mo ní.

GBÁDÉ: Jẹ́ kí n fọwọ́. Bíà ti rin ín.

[Omi ń dà. Ó dá.]

GBÁDÉ: Ìyìnolúwa Àkànní, ọmọ ìyá mi. Ọlọ́run tó—

[Fóònù já.]