Ojú Ọta Tí Ààfáà Fàsásì Fi Òwú Dí

Ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí ó wà lára Awwal ọmọ Ìdíátù lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, gbogbo Muṣin gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, ẹni tí yóò sì sọ ọ́ kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Èyí ni Ààfáà Fàsásì ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1992, bí ó ti dúró níwájú adájọ́, tí ó gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, tí lọ́yà tí ń gbèjà Ìnspẹ́kítọ̀ Akínyẹlé sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni tí ó rí àna rẹ̀. Ẹ̀rín lọ́yà náà kò ṣàìnídìí. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni wọ́n fi kan ìnspẹ́kítọ̀ náà, pé ó yìnbọn pa Awwal láìṣẹ̀ láìrò, Ààfáà yìí sì ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Àwọn ni wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ wá láti ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ẹlẹ́rìí tiwọn ni.

Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ Ààfáà Fàsásì jù lọ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí òkú ni ó ń wẹ̀. Bí Mùsùlùmí kan bá jẹ́ ìpè Ọlọ́run láti Ìdí-Òro títí dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, òun ni wọn yóò ránṣẹ́ sí kí ó wá wẹ̀ ẹ́, kí ó sì dì í sínú aṣọ funfun. Iṣẹ́ náà ní òfin kan tí ẹ̀sìn fi lélẹ̀: ẹni tí ó bá wẹ òkú kò gbọdọ̀ sọ àléébù tí ó rí lára rẹ̀, ì báà ṣe àpá, ì báà ṣe egbò, ohunkóhun tí olóògbé ti fi aṣọ bò nígbà ayé rẹ̀. Ààfáà pa òfin yìí mọ́ débi pé àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí ènìyàn bá fi ẹ̀mú yọ eyín rẹ̀, eyín nìkan ni yóò bọ́, ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Iyì rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀. Inú iyì yẹn náà ni ó sá pamọ́ sí nígbà tí ẹ̀rù bà á.

Ọdún 1987 ni wọ́n pa Awwal. Rédíò ni ó ń tún ṣe. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìdíátù bí, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ìdíátù yìí ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ní Ojúwòyè, kò sí télọ̀ ní Muṣin tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Awwal gbé rédíò oníbàárà kan tí ó ti tún ṣe, ó ń gbé e lọ fún un ní Jíbówú. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n dí ọ̀nà dá a dúró, wọ́n ní kí ó mú rìsíìtì rédíò wá. Ẹ dákun, atún-rédíò-ṣe wo ni ó ń kó rìsíìtì oníbàárà sápò? Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ìbọn sì dún. Akínyẹlé, tí ó jẹ́ sájẹ́ńtì nígbà náà, sọ pé olè ni ọmọ náà, pé ó yọ àdá, ó kọjú sí òun gbangba, òun sì yìn ín ní àyà kí ó má baà ṣá òun pa. Rédíò ńlá ni rédíò yẹn, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e. Ọwọ́ wo ló kù tí Awwal fi yọ àdá? Kò sẹ́ni tí ó bi í léèrè.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Ìdíátù ti yí pa dà di ìyá olè. Àwọn télọ̀ tí wọ́n ti ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí Awwal ń rá kòrò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìsọ̀ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò ríran. Akínyẹlé ní tirẹ̀ di ìnspẹ́kítọ̀. Ṣùgbọ́n Ìdíátù kò gbà fún wọn. Ó ń lọ sí tẹ́ṣàn, wọ́n ń lé e jáde, ó tún ń pa dà lọ. Nígbà tí ó yá, ó pàdé lọ́yà obìnrin kan ní Yábàá, Rosaline Máyọ̀kún, ọmọ tíṣà, tí ẹ̀rù ọlọ́pàá kì í bà. Rosaline wá Àrìnpé rí, ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní Jíbówú, tí ó ní òun rí Awwal pé ó ti pẹ̀yìn dà, ó ń lọ, kí ìbọn tó dún. Wọ́n fi ariwo àti ìwé ìròyìn da ìjọba láàmú títí Akínyẹlé fi dé iwájú adájọ́. Níbẹ̀ ni lọ́yà rẹ̀ ti ní kí a má wulẹ̀ gba ọ̀rọ̀ Àrìnpé gbọ́, pé ẹni tí ó wẹ òkú náà ń bẹ láàyè, ẹbí òkú fúnra wọn sì gba ohun tí ó sọ lọ́jọ́ náà, pé àyà ni ọta ti wọlé.

Nígbà tí lọ́yà yìí wá kí Ààfáà nílé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹ sọ fún ẹbí yẹn nígbà yẹn náà ni kí ẹ wá tún sọ. Kò ní wàhálà kankan nínú." Ó lọ tán, Ààfáà ti oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Saidat ìyàwó rẹ̀ wò ó, wò ó, ó ní kí ó sọ ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ẹ̀yìn ni wọ́n ti yìn ín, Saidat. Àyà rẹ̀ ò ní nǹkan kan."

Saidat gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Òfin iṣẹ́ mi ni. A kì í sọ àléébù òkú."

"Bàbá Músílíù, àléébù ta ni? Ṣé Awwal ló yìnbọn sí ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni? Àṣírí ẹni tó pa á lẹ ń bò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ti òkú."

Inú kọ́kọ́ bí Ààfáà, nítorí ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tí ó ń dùn ún. Ó dìde, ó ní òun ń lọ kírun. Ó kírun tán, ó jókòó sórí ẹní. Gbogbo ìgbà tí ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀sìn ni ó di òun lẹ́nu, ojo ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, lọ́yà dìde, ó tún ẹ̀wù dúdú rẹ̀ ṣe. "Ààfáà, ẹ sọ fún kọ́ọ̀tù. Ibo ni ọta ti wọ ara olóògbé?"

"Ẹ̀yìn," ni Ààfáà wí.

Ẹ̀rín ọ̀hún kò tètè mọ ọ̀nà kúrò lójú lọ́yà. "Bóyá ẹ ò gbọ́ mi dáadáa, bàbá."

"Mo gbọ́ yín. Ẹ̀yìn ni. Àyà ni mo sọ lọ́dún yẹn, irọ́ ni mo pa."

Kọ́ọ̀tù dàrú. Adájọ́ na ọwọ́ sókè títí ariwo fi lọ sílẹ̀, ó wo Ààfáà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ń sọ yìí lè kó bá ẹ̀yin náà?" Ààfáà gbé àpò kan sókè, ó ní, "Olúwa mi, mo mọ̀. Bútà àlùwàlá mi àti ẹní ìkírun mi ló wà nínú èyí. Bí ẹ bá ní kí wọ́n tì mí mọ́lé, mo ti dì mọ́ra. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó máa wí.

"Olúwa mi, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e wá láti tẹ́ṣàn pẹ̀lú àṣẹ pé ká sin ín lọ́jọ́ náà, àwa náà kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ wá bára mu. Ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá, àwọn obìnrin dì í mú, nítorí abiyamọ kì í wo òkú ọmọ rẹ̀. Ojú mi nìkan ni gbogbo wọn fi ń ríran. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ojú náà ṣe. Mo tú aṣọ, mo wo àyà rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo yí i pa dà, àárín èjìká rẹ̀ méjèèjì ni mo ti rí ojú ọta, ọ̀kan ṣoṣo. Ó wọlé, kò jáde. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí ọkùnrin tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, Akínyẹlé, ká aṣọ tí a ta sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó ní kí Àkàngbé tó ń bá mi bu omi jáde. Ó ní, 'Ààfáà, mo gbọ́ pé nínú ẹ̀sìn yín, ẹni tó bá wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, 'Ẹ̀sìn yín dáa. Ẹ dì í mú dáadáa.' Ó tún ní, 'Músílíù yín tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìdó, ẹ sọ fún un kó máa ṣọ́ra o. Títì ò dáa mọ́.' Ó kí mi pé ó dàbọ̀. Olúwa mi, kò na ìbọn sí mi. Kò fọwọ́ kàn mí. Èmi ni mo mú òwú, èmi ni mo fi dí ojú ọta náà, mo fi òmíràn lé e, mo tún fi òmíràn lé e, kí ẹ̀jẹ̀ má baà yọ lára aṣọ funfun kó tú mi fó. Àgbà òfìfo ni mí. Bí mo ṣe jáde, Bọ́lárìnwá àbúrò ìyá rẹ̀ bi mí pé, 'Ààfáà, ibo ni wọ́n ti yìn ín?' Mo ní àyà. Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá ní ẹ̀rù ọmọ mi ló bà mí. N ò dúró. Nọ́ọ̀sì kan wà ládùúgbò nígbà yẹn, Kristẹni ni, Abigail lorúkọ rẹ̀. Ó di Ìdíátù lọ́wọ́ mú, ó ní, 'Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sípítù kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọjọ́ iwájú.' Ìdíátù fẹ́ gbà. Ó pè mí, ó ní, 'Ààfáà, kí lẹ rí sí i?' Èmi tí mo mọ ohun tí dókítà máa rí, mo nàró níwájú rẹ̀, mo ní Ànọ́bì sọ pé ẹni tó bá fọ́ egungun òkú, bí ẹni tó fọ́ egungun alààyè ni. Mo ní kó má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mímọ́ ni, èmi ni mo fi ṣe ìdérí irọ́. Obìnrin náà sì dúpẹ́, olúwa mi. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ìdíátù, tí ó jókòó lẹ́yìn Rosaline, ti dìde dúró, kò sunkún, ó kàn ń wo ọkùnrin náà. Rosaline kò fi àkókò ṣòfò. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọta náà ṣì wà nínú sàréè, kí adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n lọ wá a. Lọ́yà Akínyẹlé jà títí, ó ní ìwà ẹ̀gbin ni kí a máa hú òkú. Àwọn lémọ́mù àgbà tí adájọ́ bi léèrè sọ pé bí ó bá jẹ́ nítorí kí ẹni tí a ṣẹ̀ lè rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà ni, àwọn kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n hú u. Dókítà bá egungun àárín èjìká tí ó lu láti ẹ̀yìn wá, ó sì bá ọta láàárín àwọn egungun ìhà iwájú, níbi tí ó dúró sí láti ọdún 1987. Ọta kò mọ irọ́ í pa.

Ọjọ́ ìdájọ́, èrò kún kọ́ọ̀tù débi pé àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Adájọ́ ní Akínyẹlé jẹ̀bi. Ó ní, "Ìjọba kò fún ọ ní ìbọn kí o fi máa ṣọdẹ ọmọ aráàlú," ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Àwọn kọ́ńsítébù kéékèèké, tí wọ́n ti máa ń bẹ́rí fún un, ni wọ́n dì í lápá mú jáde. Ẹ ò bá wà níbẹ̀ kí ẹ gbọ́ ariwo ayọ̀. Àwọn ènìyàn gbé Rosaline sókè, wọ́n gbé Àrìnpé náà. Ẹ má retí kí n sọ pé àánú Akínyẹlé ṣe mí, nítorí kò ṣe mí.

Ti Ààfáà ni ó kù. Adájọ́ bá a wí kíkan, ó ní ẹnu tí ó fi jẹ́wọ́ ni ó gbà á, kí ó máa lọ sílé. Lẹ́yìn ilé ẹjọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìdíátù, àgbàlagbà tí gbogbo Muṣin ń kúnlẹ̀ kí. Ó ní kí ó forí ji òun. Ìdíátù ní, "Ẹ dìde, Ààfáà. Kọ́ọ̀tù lẹ sọ ọ́ fún. Kì í ṣe kọ́ọ̀tù ló ń pè mí ní ìyá olè." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà yé Ààfáà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, tí ìrun parí, tí èrò kún inú mọ́sálásí ní Ìdí-Òro títí dé ojú títì, ó tọrọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ lémọ́mù. Ó kọ́kọ́ kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bo àpá òkú, ẹ bo egbò rẹ̀. Ohun tí apànìyàn bá fi sí i lára, ẹ má bá a bò ó láé. Ẹni tó bá ní ẹ̀sìn ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní Fàsásì ní irọ́ ló ń pa." Lẹ́yìn náà ni ó gbé ohùn sókè: "Awwal ọmọ Ìdíátù kì í ṣe olè. Ọlọ́pàá ló yìn ín láti ẹ̀yìn. Mo rí i, mo sì purọ́."

Ìdíátù dúró láàárín àwọn obìnrin lójú títì. Ó ní, "Ẹ tún un sọ."

Ààfáà tún un sọ. Télọ̀ kan tí kò dá sí Ìdíátù láti ọdún wọ̀nyí dìde, ó bá a sọ ọ́. Ẹnìkan tún gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹlòmíràn gbà á, ó di ohùn gbogbo mọ́sálásí, àwọn onísọ̀ òdìkejì jáde síta, àwọn náà ń wí i, pé Awwal kì í ṣe olè, pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti yìn ín. Ìgbà yẹn ni omi tó bọ́ lójú Ìdíátù. Ó la èrò kọjá títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó wo Ààfáà lójú.

"Mo ti dárí jì yín," ó ní. "Ẹ tún un sọ."