Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́ Lára Géèmù Sàídì

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, kí wọ́n tó fi bírò lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n tú ohun tó wà nínú mi síta. Inú ń bí mi. Àwọn ọmọ mi rò pé àìsàn kíndìnrín tó dá mi dùbúlẹ̀ ló ń jẹ́ kí n máa jágbe mọ́ gbogbo èèyàn. Irọ́ ni. Èmi Jacob Akínwálé, tí ẹ ń pè ní Bàbá Kọ̀ǹpútà, ni mò ń bínú sí. Olè ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń da aṣọ ìsinmi bo olè jíjà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì fi mí ṣe díákónì.

Ìyanuolúwa àtàwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ìlú yìí ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ pín géèmù “Ọjà Awo” lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, àwọn á dì í pọ̀ mọ́ ètò asínjẹ, ìyẹn ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà òde òní máa sín kọ̀ǹpútà àtijọ́ jẹ, kí géèmù àtijọ́ lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọ náà ní, “Bàbá, ètò yẹn ò ní wàhálà, àwọn tó ṣe é ti fún gbogbo èèyàn láṣẹ. Géèmù yín nìkan ló kù. Ẹ bá wa tọwọ́ bọ̀wé.” Géèmù mi! Mo wo ìwé náà títí, mo lé wọn jáde; wọ́n ní àwọn á tún gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé.

Sàídì ló ṣe géèmù náà. Olùkọ́ ìṣirò ni, ọmọ agboolé mùsùlùmí kan nínú Ẹdẹ àtijọ́, kí ìjọba ológun tó gbá òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dànù lẹ́nu iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ló fi ṣe é, inú kásẹ́ẹ̀tì ló sì tọ́jú rẹ̀ sí. Nínú géèmù náà, ọmọdé á ru obì láti abúlé Alájùé lọ sí ọjà ìlú Awo. Ní gbogbo oríta, wọ́n á bi í ní ìṣirò lédè Yorùbá kó tó kọjá. Kí ariwo géèmù náà tó bẹ̀rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, ohùn Sàídì lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́: “Èmi Sàídì ni mo ṣe é, nítorí àwọn ọmọ Ẹdẹ.”

Lọ́dún 1997, tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ti sọ gbogbo wa di gbígbẹ, tí ìwé kíkà ti wọ́n ju ẹran lọ, mo ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Sẹ̀kọ́nà. Mo rí ètò asínjẹ nínú dísíkì kan tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà Sàídì ti kú nígbà yẹn. Nígbà tí mo sọ fún un pé géèmù rẹ̀ lè jí padà, fúnra rẹ̀ ló gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Jacob, jẹ́ káwọn ọmọ máa fi ṣeré lọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì, wá bi mí o.” Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Kò pẹ́ tí àwọn ilé ìwé fi ń béèrè rẹ̀. Fọláṣadé ìyàwó mi jókòó, ó ka ìwé àṣẹ tó bá ètò asínjẹ náà wá. Ó ní, “Bàbá Fèyí, wọ́n ní kéèyàn pín in, kó tà á pàápàá, kó ṣáà má yọ orúkọ wọn àti ìwé yìí kúrò. Ṣùgbọ́n géèmù ò sí nínú ẹ̀ o. Ẹni tó ni géèmù lẹ máa lọ bá.” Samuel ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. “Kọ̀ǹpútà tó ti kú, ta ló tún ń jẹ́ olúwa géèmù ẹ̀? Oko tó bá ti di igbó, ẹni bá ro ó ló ni ín.”

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni bàbá mi ti dáko títí ó fi kú, kò sì kọ ọ̀pẹ kan níbẹ̀ láìtọrọ. Mo mọ̀ pé igbó kì í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó yá mi lọ́kọ́ ò fún mi lóko. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì bá Samuel rẹ́rìn-ín. Ó bá mi pa orúkọ Sàídì rẹ́ lójú géèmù, ó kọ tèmi síbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn ilé ìwé. A ju ìwé àṣẹ ètò asínjẹ náà nù, torí ẹni tó bá kà á á béèrè ẹni tó ni géèmù. Ẹ má bá mi di í ru ìjọba. Ebi ń pa Sàídì jù mí lọ, kò sì jalè.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, tíṣà kan tó ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá wo kọ̀ǹpútà. Àwáwù, ọmọ Sàídì, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà láàárín wọn. Bí géèmù náà ṣe yọ, ọmọ náà fò sókè: “Géèmù bàbá mi nìyí!” Tíṣà yíjú sí mi. “Ọ̀gá Jacob, ṣé òótọ́ ló ń sọ?” Mo ní, “Irọ́ ló ń pa.” Ẹgba mẹ́fà ni tíṣà nà án, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lójú mi. Bí ẹgba ṣe ń bọ̀ ló ń sọ ọ́, “Bàbá mi ló ṣe é. Bàbá mi ló ṣe é.” Èmi àgbàlagbà dúró síbẹ̀, mo ń nu kọ̀ǹpútà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Sàídì dé. Kò pariwo. “Jacob, fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì mi. Ọ̀gá ilé ìwé wọn fẹ́ gbọ́ ọ.” Mo parọ́ fún un pé ilé ló wà, kó padà wá lọ́sàn-án. Bó ṣe kẹ̀yìn, mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ rédíò, mo gba orin ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lé e lórí, ojú kìíní àti ìkejì. Mo jókòó tì í títí ó fi parí. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún un, mo tún dọ̀bálẹ̀. Àbí ẹ ò rí ìkà?

Ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, Sàídì ní kí gbogbo wa dákẹ́ ká gbọ́ ohùn òun. Orin ló jáde. Ó yí i sí ojú kejì. Orin ni. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọmọ náà ò bá bẹ̀ mí, kó máa lọ sílé. Sàídì wò mí, mo wò ó padà. Ó gbọ́wọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀. “Kúnlẹ̀, Àwáwù. Bẹ̀ wọ́n, kóo lè kàwé.” Ọmọ náà kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Mo parọ́.”

Ibi tó burú jù rèé, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní, “Mo ti dárí jì ọ́. Má parọ́ mọ́ láyé ẹ.”

Sàídì ti kú, ọdún tí àwọn ológun lọ ló lọ. Mo ti ránṣẹ́ sí Àwáwù lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn, kò sì jẹ̀bi. N kò ní bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bú u rí. Ìyanuolúwa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní àṣẹ kankan tí mo lè fún yín. Ẹ dá ìwé àṣẹ àwọn tó ṣe ètò asínjẹ padà síbi tó wà, kẹ́ ẹ sì lọ bá Àwáwù nílé rẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé géèmù náà ti pẹ́. Ẹ má sọ fún un pé ọ̀fẹ́ lẹ fẹ́ pín in. Ẹ kàn bi í. Bó bá gbà, orúkọ bàbá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ pa géèmù náà rẹ́ nínú gbogbo kọ̀ǹpútà yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè pé èmi Jacob ni mo fà á.