Aṣọ Pupa Tí Ìyá Arúgbó Kan So Mọ́ Mi Níkùn

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún yín, nítorí ẹni tó bá rí mi ní Rye Lane níbi tí mo ti ń ra iṣu, pẹ̀lú ikùn tó ti yọ síwájú yìí, yóò rò pé kò sí obìnrin tí inú rẹ̀ dùn tó tèmi ní gbogbo Peckham nílùú òyìnbó yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wá oyún yìí. Ààwẹ̀ wo ni n kò gbà? Dókítà wo ni n kò rí? Nígbà tó wá dé, mo lọ gbé e wọ ọkọ̀ ìsìnkú. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ìsìnkú! Ọkọ mi kò mọ̀, ìyá ọkọ mi tó ń bá wa gbé kò mọ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Àwa mẹ́ta la jọ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan náà: èmi, Mama Dára tó ń ta irun àti wíìgì, àti Sisí Bọ́lá, ọ̀rẹ́ wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mama Dára ló ní ká bá òun lọ sí Guangzhou lọ ra ọjà. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n tó mọ̀ pé mo lóyún, ẹ sì mọ̀ pé a kì í pariwo oyún tí kò tíì dúró. Bí mo bá ní n kò lọ mọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ó dé? Ọkọ mi ní kí n máa lọ, kí n má ṣáà gbé ẹrù. Ìyá ọkọ mi kìlọ̀ ní tirẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ rìn lóòrùn ọ̀sán gangan, n kò sì gbọdọ̀ dé ibi tí òkú wà. Mo rẹ́rìn-ín. Òkú ta ni mo fẹ́ lọ bá ní China?

Nígbà tí a ra ọjà tán, ó ku ọjọ́ kan, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Sisí Bọ́lá ní ká wọ reluwé lọ wo ìlú mìíràn, ìlú kan tí orúkọ rẹ̀ kò tíì rọ̀ mí lẹ́nu títí di òní, pé odò kan wà níbẹ̀ tó dára fún àdúrà. Mama Dára ní tó bá jẹ́ àdúrà ni, aṣọ ìsìn la ó wọ̀. Bí a ṣe wọ sùtánà jáde ní òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Òfin wa sì ni pé ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Obìnrin dúdú mẹ́ta, funfun láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, nínú ìlú tí a kò mọ ẹnì kankan! Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò wa, àwa náà ń juwọ́ sí wọn bí ìyàwó ọba. Sisí Bọ́lá rí i pé wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá kúkú ń fi Yorùbá ná ọsàn, wọ́n sì tà á fún un.

A ń wá odò náà kiri ni a bá bọ́ọ̀sì ńlá kan níbi tó dúró sí. Gbogbo àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ló wọ funfun, wọ́n sì fi funfun bo orí. Inú Mama Dára dùn kọjá ààlà.

"Halleluyah! Ìjọ wa ti dé China! Ẹ jẹ́ ká join wọn jàre, odò yẹn ni wọ́n ń lọ."

"Mama, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ confirm o," ni mo wí.

"Confirm kí ni? Ṣé o ò rí uniform ni?"

Ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n wo sùtánà wa, ó tẹrí ba, ó sì fọwọ́ pè wá wọlé. Mama Dára dá orin, àwa méjì ń gbè é, làwọn yòókù bá bú sẹ́kún. Sisí Bọ́lá ní Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì gun òkè kan, tó yà sínú ọgbà kan, ni mo rí fọ́tò bàbá arúgbó kan láàárín òdòdó, àti pósí lẹ́yìn rẹ̀. Orí mi wú. Ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, fóònù sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa pé ẹ ṣeun tí ẹ wá sin bàbá wa, pé ọjọ́ pẹ́ tí bàbá ti ń bá àwọn ará Áfíríkà tajà. Wọ́n rò pé oníbàárà rẹ̀ ni wá, pé a mọ̀ pé funfun ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ la ṣe wọ̀ ọ́ wá! Ta ló fẹ́ sọ fún ọlọ́fọ̀ pé àṣìṣe ni?

Wọ́n mú wa lọ kí opó rẹ̀, ìyá arúgbó kan. Mo kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, mo ní ẹ kú ara fẹ́ra kù. Nígbà tí mo ń dìde, mo fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, mo fi ìkejì di abẹ́ ikùn mú. Ìyá náà dákẹ́ ẹkún. Ó wo ikùn mi tí kò tíì yọ rárá, ló bá pariwo pe ẹnì kan, wọ́n sì sáré mú aṣọ pupa wá. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti so ó mọ́ mi níkùn, ẹnu rẹ̀ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń tì mí sẹ́yìn kúrò níwájú pósí.

Pupa! Nínú ìjọ wa, a kì í fi pupa kanra, ká má tíì sọ lórí sùtánà. Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi ṣe pààrọ̀ ẹni tó kú. Mo já aṣọ náà, mo jù ú sílẹ̀, mo pe Jésù, mo sì sá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sá tẹ̀lé mi, lórí òkúta, láìwọ bàtà, títí a fi rí takisí nísàlẹ̀ òkè. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá náà ti ṣa aṣọ náà nílẹ̀, ó ń nà án sí mi, ó ń pè mí.

Nínú reluwé, Mama Dára bẹ̀ wá ká má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí bí ìjọ bá gbọ́ pé a wọ sùtánà lọ síbi òkú, a ó jẹ palaba ìyà. Lónìí, tí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo mọ eré sá ju ehoro lọ. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù kò kúrò lọ́kàn mi.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Forest Hill ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti obìnrin ará China kan tó ń jẹ́ Mei. Láìpẹ́ yìí ni mo bi í nípa aṣọ pupa náà, mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi ló ṣẹlẹ̀ sí. Mei ní lọ́dọ̀ àwọn náà, aboyún kì í dé ibi òkú. Bó bá wá di dandan, aṣọ pupa ni wọ́n ń so mọ́ ọn níkùn, kí ohunkóhun má bàa kan ọmọ. Ó wá bi mí pé, "Ọ̀rẹ́ rẹ kò tú u títí ó fi délé, àbí?" Mo ní kò tú u.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọkọ ìyá yẹn wà nínú pósí, síbẹ̀ ó fi ẹkún tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ mi, mo sì sá fún un bí ẹni rí àjẹ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò lè bẹ̀ ẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ọmọ wà dáadáa, mo tilẹ̀ gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, àmọ́ bí kò bá ti yí nínú mi fún ìgbà díẹ̀, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ ikùn títí yóò fi mira. Ọkọ mi ń bi mí pé kí ló dé, mo ń sọ pé iṣẹ́ ló rẹ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un ni, àbí kí n pa ẹnu mọ́ títí ọmọ yóò fi dé? Bí mo bá sọ, tí nǹkan kan bá ṣe ọmọ yìí, gbogbo ilé ni yóò mọ ẹni tí wọn ó di ẹ̀bi rù. Bí n kò bá sọ, èmi nìkan ni yóò mọ̀.