Ìwé Mọ́tò Tó Sọ Jóòbù Di Olè

Nígbà tí ara mi ṣì le, tí mo ń bẹ ilé ìwé wò káàkiri Èkìtì… Dàmọ́lá, pa ìwé mọ́tò yẹn dé ná. O ní awakọ̀ rẹ ń jí epo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwé! Háà. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi.

Ìjọba fún mi ní mọ́tò àti awakọ̀. Jóòbù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Igbemo, ẹni jẹ́jẹ́. Ìwé tí àwọn tó ṣe mọ́tò náà kọ sọ bí ọ̀nà tí tánkì kan lè gbé e ṣe jìn tó; mo ṣírò rẹ̀, bí tánkì bá kún, a ó lọ Igbemo, a ó padà sí Adó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò tíì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ, epo á tán! Mo ní, "Jóòbù, ta lò ń ta epo ìjọba fún?"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Mà, èmi kọ́. Òkè ló ń mu ún. Òkè àti kòtò."

Mo rẹ́rìn-ín. Òkè lẹ́nu ni? Ìwé òyìnbó á wá purọ́? Mo kọ lẹ́tà, wọ́n lé e. Kí ó tó dé Igbemo, ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀. Òun ló ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tẹ́lẹ̀… wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi wá ń wa mọ́tò fúnra mi. Mo ra ìdérí tánkì tó ń gba kọ́kọ́rọ́. Mo so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn, mo ń fi í sùn! Mo ní ẹ ó rí i, yóò pé mẹ́wàá.

Ẹ̀ẹ̀kẹfà ni mo ṣì wà, lórí òkè ọ̀nà Igbemo, mọ́tò wúkọ́, ó kú. Mo ṣí tánkì. Ó gbẹ táútáú! Mo fọwọ́ kan ọrùn, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Yéè! Ta ló wá jí i? Ṣé èmi ni?

Mo fẹsẹ̀ rìn délé Jóòbù. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí lẹ tún wá gbà n'úlé yìí?" Mo kúnlẹ̀, èmi ọ̀gá! Mo ní, "Jóòbù, jọ̀ọ́. Màá gba iṣẹ́ rẹ padà fún ọ."

Ó ní, "Mà, ẹ dìde. Ti iṣẹ́ kọ́. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ pé olè ni mí, ṣé ẹ lè dé ibẹ̀?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dúró níwájú ìjọ. Mo ní, "Jóòbù ò jalè. Ìwé ni mo gbà gbọ́, n ò gba ènìyàn gbọ́." Wọ́n gbé igbá fún un padà. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, kò wo ojú mi. Kò sì wakọ̀ ìjọba mọ́ títí ó fi kú.

Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ṣé ó gun òkè Èkìtì rí? Lóde òní ńkọ́? Ìwé ti wọnú fóònù, ẹ ṣì ń gbà á gbọ́. Hùn… Dàmọ́lá ọmọ mi, kí o tó lé awakọ̀ rẹ, ìwọ fúnra rẹ wa mọ́tò náà lọ Igbemo ná.