Ẹni tó Sọ Agogo Mi Di Òkè Méjì

Wọ́n ti fi Ẹlẹ́sẹ̀ Jẹ́jẹ́ ṣe olórí ìwádìí náà. Àárọ̀ yìí ni, ní yàrá ìpàdé, níṣojú gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi, ìwádìí tí èmi bẹ̀rẹ̀, tí mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì kiri ilé-ìwé nítorí ẹ̀, òun ni ọ̀gá wa kọjú sí, tó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo máa darí ẹ̀ lọ." Ọmọ mi! Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan ni? Mo ti wà ní ọ́fíìsì yẹn kí wọ́n tó mọ orúkọ ẹ̀, ọ̀gá ò pè mí lọ́mọ rí. "Ìyáàfin" ló máa ń pè mí, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe aláìsàn tó kàn láti wọlé rí dókítà.

Yéè! Ẹ rọra fà á. Irun lẹ ń dì, ẹ ò tu koríko.

Ẹ ní ta ni Ẹlẹ́sẹ̀ Jẹ́jẹ́? Ẹ mọ̀ ọ́n! Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ́fíìsì wa, tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù yín níbí lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ ní ohùn ẹ̀ dùn. Òun náà ni. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí èèyàn kì í gbọ́ ìró bàtà ẹ̀, ẹ máa kàn bojú wẹ̀yìn ni, ẹ máa bá a tó dúró síbẹ̀, tó ń wo ohun tí ẹ ń ṣe. Èmi náà ni mo kọ́ ọ níṣẹ́! Nígbà tó dé, kò mọ̀ ju kó ro máàkì pọ̀ kó sì pín in lọ. Èmi ni mo fa àga mi ti tiẹ̀, mo ní, "Àbúrò, wò ó, máàkì àwọn ọmọ kì í kàn fọ́n káàkiri lásán, ó ní ìrísí. Tó o bá tò wọ́n, ọ̀pọ̀ máa kó jọ sáàárín, díẹ̀ máa wà nísàlẹ̀, díẹ̀ máa wà lókè, gbogbo ẹ̀ á wá rí bí agogo tí wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀." Ẹnu mi báyìí ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ agogo!

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, kí ẹ lè bá mi bínú dáadáa. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé àwọn ọmọ máa mọ sáyẹ́ǹsì sí i tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ ara wọn dán nǹkan wò, dípò kí wọ́n máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ. A pín irinṣẹ́ fún àwọn ilé-ìwé, ìwọ̀n, ife onílà, gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Nígbà tí sáà kan parí, mo gbé ìdánwò lọ fún wọn. Oòrùn pa mí, òjò pa mí. Mo kó máàkì dé, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo ya gíráàfù ẹ̀, ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ibi tí ọ̀pá bá ti ga jù ni ọmọ pọ̀ sí jù. Ẹ̀gbọ́n mi, agogo ló jáde! Agogo tó gún régé, tí kò wọ́ níbì kankan. Ó kù díẹ̀ kí n gbé e kọ́ ara ògiri. Mo ṣírò ìpíndọ́gba, ó fi díẹ̀ tí kò tó nǹkan ju ti ìdánwò tí wọ́n ṣe kí irinṣẹ́ tó dé lọ. Mo bá kọ ọ́ pé irinṣẹ́ yẹn ò ṣe wọ́n lóore, kò sì pa wọ́n lára. Ọ̀rọ̀ parí.

Àbí kí ló tún kù? Mo dìde nípàdé ìgbà yẹn, mo fi agogo mi hàn, ọ̀gá ń mi orí, èmi náà ti ń wo àga olórí bí ohun tó ti di tèmi. Àfi bí ohùn Ẹlẹ́sẹ̀ Jẹ́jẹ́ ṣe ti igun yàrá wá, ohùn bí ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni àwọn ọ̀pá yẹn ṣe fẹ̀ tó?"

Kí ló kàn ọ́ nínú fífẹ̀ ọ̀pá? Mo jẹ́ kó fẹ̀ kó lè ṣeé wò ni! Máàkì ogún-ogún ni mo kó sínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gba ogójì àti ẹni tó gba mọ́kàndínlọ́gọ́ta wà nínú ọ̀pá kan náà, ó sì dùn-ún wò. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun dín in kù díẹ̀. Ọ̀gá ní kó bọ́ síwájú. Ó tẹ nǹkan kan, ó tún tẹ òmíràn, àwọn ọ̀pá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Èyí tó wà láàárín, ọ̀pá gàgàrà tí mo fẹ́ràn jù, ló là sí méjì lójú mi kòrókòró. Òkè méjì! Ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, àfonífojì láàárín wọn. Ibi tí mo sì gbé ìpíndọ́gba mi sí, inú àfonífojì yẹn gan-an ló bọ́ sí, ekukáká lẹ fi máa rí ọmọ kan níbẹ̀. Ọ̀gá yọ dígí ojú ẹ̀, ó ní, "Ìyáàfin, ọmọ ta lẹ wá ń ròyìn ẹ̀ fún wa látàárọ̀?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín? Mo ń rí yín nínú dígí o!

Ẹlòmíì, tó bá ti dójú ti èèyàn tán, á lọ sílé lọ jẹun. Òun kọ́. Ó ní àfi kí òun mọ ohun tó sọ òkè di méjì. Wọ́n fún un ní ọkọ̀ ọ́fíìsì, ọkọ̀ tí wọ́n ní kò sí epo nínú ẹ̀ nígbà tí èmi béèrè, ó lọ sí àwọn ilé-ìwé tí òkè ọwọ́ òsì ti wá, àwọn tí máàkì wọn kéré. Kí ló bá níbẹ̀? Kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ti to irinṣẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, wọ́n tì í pa, kó má bàa fọ́, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé a máa padà wá béèrè ẹ̀. Àwọn ọmọ kàn ń wò ó láti ìta ni. Níbi tí wọn ò ti tì í pa, àwọn ọmọ ibẹ̀ ló wà lórí òkè kejì, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè bí ẹni ń júwe ilé bàbá ẹ̀.

Ṣé èmi ò rí kọ́bọ́ọ̀dù ni? Mo rí i! Ta ló ní mi ò rí i? Ó mọ́ tónítóní, eruku ò sí lára ife kankan, mo tiẹ̀ bọ ọ̀gá ilé-ìwé kan lọ́wọ́, mo ní báyìí ló yẹ kí èèyàn máa tọ́jú nǹkan. Ṣé ìyẹn náà wá dẹ̀ṣẹ̀? Máàkì ni wọ́n rán mi, wọn ò rán mi ní kọ́bọ́ọ̀dù!

Mo fi Ọlọ́run búra, ẹ̀gbọ́n mi, mo gbìyànjú láti fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn lè mí ní ọ́fíìsì yẹn mọ́? Ẹni tó ń ṣèwádìí ẹ̀fọn ní ilé kejì ń gbé iṣẹ́ tiẹ̀ wá fún un pé kó bá òun wo ìrísí ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn àwọn ọmọ tuntun náà wá. Wọ́n máa gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á kọjá lọ sí fèrèsé. Kí ló dé tí ẹnì kankan ò bi mí? Ṣé èmi ò lè wo ẹ̀fọn ni?

Èmi náà jókòó, mo ní màá dín ọ̀pá kù ju bó ṣe dín in kù lọ. Mo dín in títí ó fi dà bí eyín kọ́ọ̀mù yín yìí, ṣákaṣàka, kò sí òkè, kò sí agogo. Mo sáré gbé e lọ bá ọ̀gá, mo ní, "Ẹ wò ó, òkè ẹ̀ dà?" Ó ní, "Ìyáàfin, tó bá ti tín-ín-rín jù, gbogbo gbágungbàgun ló máa hàn, ìrísí ò ní hàn mọ́." Mo gbé e padà.

Ẹ ní bàtà mi jọ tiẹ̀? Rárá o! Mi ò ra bàtà onírọ́bà yìí nítorí tiẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Bí tiẹ̀ bá jọ ọ́, ṣé òun nìkan ni wọ́n ń ta bàtà fún?

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò yangàn. Tó bá yangàn ni, ǹ bá ti fọ̀rọ̀ gún un lára, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó po tíì wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé òní, ṣúgà ẹ̀ tó bí mo ṣe fẹ́ ẹ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ṣé ẹ rí ìwà ìkà? Mo mu tíì náà.

Ẹ ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tó bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀? Kí n wá fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un? Ẹ gbàgbé ìyẹn. Tá a bá tún ṣe ìdánwò mìíràn, tó bá ń ya gíráàfù ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí. Gbogbo ọ̀pá tó bá yà pátá ni màá béèrè bó ṣe fẹ̀ tó.

Ọ̀gá pè mí kí n tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó ní Ẹlẹ́sẹ̀ Jẹ́jẹ́ ló dárúkọ mi pé èmi lòun fẹ́ kí àwọn jọ ṣe é. Mo ní mi ò ṣe. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Ọjọ́ Ajé niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òun ni olórí, èmi ni igbákejì ẹ̀.